Ológbò Ọjà Wa Náà Ń Fẹ́ Ìfètò-Sọ́mọ-Bíbí

  A ti sọ̀rọ̀ owó ilẹ̀, a ti sọ̀rọ̀ gọ́tà, a ti sọ̀rọ̀ iná. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ológbò la fẹ́ sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà, gàárì, èlùbọ́ tàbí ẹja gbígbẹ l'Ágbàdo níbí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ológbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ohun tó fà á nìyí. Láìpẹ́ yìí, òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí a dé ọjà láàárọ̀, a bá páálí tòmátò kan lẹ́bàá gọ́tà. Ọmọ ológbò márùn-ún ló wà nínú ẹ̀, ojú wọn ò tíì là. Méjì ti kú, mẹ́ta ń ké. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbé wọn síbẹ̀, àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ pé ará ọjà yìí ni. Kó tó di ọ̀sán, mẹ́ta yòókù náà ti dákẹ́. Ọmọbìnrin kékeré kan tó ń bá ìyá ẹ̀ tajà jókòó tì wọ́n, ó ń sunkún, kò jẹun.

Ọ̀rọ̀ yẹn la gbé dé mítìn. Àwọn kan ní ká ra májèlé, ká pa gbogbo ológbò ọjà, kí kálukú sinmi. Àwọn kan ní kí ẹni tó ní ológbò gbé e lọ sílé ẹ̀. Ariwo pọ̀, ilẹ̀ sì ṣú mọ́ wa lórí láìrí nǹkan kan mú jáde. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí ti lọ rò ó síwá sẹ́yìn. Èrò wa ni pé ológbò tó wà lọ́jà ń ṣe wá láǹfààní. Èyí tí wọ́n ń bí láìsí ẹni tó fẹ́ ẹ ló ń dà wá láàmú. Ìbí yẹn ní ohun tí a fi ń dá a dúró, owó ẹ̀ kò sì ní wọ̀ wá lọ́rùn bí a bá jọ dá a.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìdí tí a ò fi fẹ́ kí wọ́n pa wọ́n. Àwọn àgbà ní ológìnní jáde, ilé di ilé èkúté. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ, ẹ ti rí àpò tí èkúté ya nídìí. Ìrẹsì tó dànù ti burú, àmọ́ àìsàn tó wà nínú ẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àrùn Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ rí lọ́dún 1969 ní ìlú Lassa ní Ìpínlẹ̀ Borno, ara èkúté ló ti ń wá. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté tó bá kan oúnjẹ tàbí ohun èlò ilé ló ń gbé e ran èèyàn. Ìpínlẹ̀ Òǹdó àti Ẹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń le jù. Ọ̀nà Òǹdó sí Èkó ò jìn rárá. A ò sọ pé ológbò nìkan lè tán èkúté o. Ó ṣì di dandan ká bo oúnjẹ, ká gbá abẹ́ tábìlì, ká má fi pàǹtí sùn. Àmọ́ ẹni tó ní olùrànlọ́wọ́ kì í fọwọ́ ara ẹ̀ pa á.

Ọ̀rọ̀ májèlé ńkọ́? Lọ́dún 2019, NAFDAC fòfin de títa dichlorvos inú ìgò kékeré, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Sniper, nínú ọjà gbangba, torí àwọn èèyàn ń lò ó síbi tí kò yẹ. Ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń da májèlé. Májèlé ò mọ ológbò yàtọ̀ sí adìyẹ, kò mọ adìyẹ yàtọ̀ sí ọmọ tó ń rá kiri lábẹ́ tábìlì. Bí ẹ bá sì pa gbogbo ológbò tó wà lónìí tán, mìíràn á wọlé wá láti àdúgbò, torí èkúté àti èérún ẹja tó pe àwọn ti àkọ́kọ́ wá ṣì wà níbẹ̀. Owó májèlé lọ, ológbò dé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń bímọ, torí ọ̀pọ̀ wa la ń sin ológbò tí a ò mọ̀ ọ́n. Ológbò abo lè lóyún láti ọmọ oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, nígbà tí àwa ṣì ń pè é ní ọmọdé. Oyún ẹ̀ kò ju nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65 lọ, oṣù méjì péré. Ní ìlú òtútù, àsìkò kan wà tí wọn kì í gba akọ, ìgbà tí ọ̀sán bá kúrú. Lọ́dọ̀ wa níbí tí ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrú, gbogbo oṣù ni wọ́n lè lóyún. Ó tún lè lóyún nígbà tí àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ ṣì ń mu ọmú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bí ọlọ́jà. Ká sọ pé ìyá ológbò kan bí mẹ́rin lóṣù kìíní, mẹ́rin lóṣù karùn-ún, mẹ́rin lóṣù kẹsàn-án. Méjìlá nìyẹn. Ká sọ pé méjì nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ abo. Tó bá fi di oṣù keje, wọ́n ti tó gba akọ. Lóṣù kẹsàn-án, àwọn náà á bí mẹ́rin-mẹ́rin. Mẹ́jọ nìyẹn. Ogún ọmọ ológbò láti ara ìyá kan ṣoṣo, ọdún ò sì tíì yípo. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀ á kú. Bí wọ́n ṣe ń kú gan-an ni à ń sọ: nínú gọ́tà, lábẹ́ táyà, nínú páálí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ fún àwa èèyàn pé ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì gbé ọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí wá bá àwa obìnrin, àwọn kan bú wọn. Lónìí, àìmọye lára wa ló ń dúpẹ́. Ológbò ò lè lọ sí ilé ìwòsàn fúnra ẹ̀. Àwa la máa gbé e lọ.

Ká tún sọ ti igbe òru. Àwọn kan ń sọ pé ológbò tó ń ké bí ọmọ jòjòló lóru, àjẹ́ ni. Kì í ṣe àjẹ́. Abo tó ń wá akọ ló ń ké bẹ́ẹ̀. Á máa fi ara nu ilẹ̀, á máa gbé ìdí sókè, á máa fẹ́ jáde. Ó lè ṣe é fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, bí kò bá sì rí akọ, á tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bá gbọ́ igbe yẹn tó sọ òkúta, ó kàn ń lé e lọ bá akọ ni.

Àwọn ọ̀nà tó wà nìyí.

Èkíní kò gba kọ́bọ̀: ká ṣọ́ abo. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ẹ tì í mọ́ inú ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù tó ní nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé, ẹ fún un lóúnjẹ, omi àti yanrìn tó máa yàgbẹ́ sí, títí igbe náà á fi lọ. Ẹ ya abo àti akọ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́rin. Ẹ má sọ pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Ológbò ò mọ ìbátan. Ọ̀nà yìí dáa fún ẹni tó ń tọ́jú owó iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́, àmọ́ ó kàn ń sún ọ̀rọ̀ síwájú ni. Lọ́jọ́ tí ọmọ ilé bá gbàgbé ilẹ̀kùn, ó parí.

Èkejì ni ká tẹ akọ lọ́dàá, bí wọ́n ṣe ń tẹ òbúkọ lọ́dàá. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni, kì í pẹ́ sàn, owó ẹ̀ sì máa ń kéré sí ti abo. Akọ tó bá ti di ọ̀dá kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn gbéregbère mọ́, ìjà ẹ̀ máa ń dín kù, ìtọ̀ tó ń rùn tó máa ń tọ̀ sára àpò àti aṣọ títà náà máa ń dín kù. Ẹ̀yin oníṣọ̀ aṣọ, ẹ gbọ́ o. Ṣùgbọ́n kì í mú un lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì lè fún abo lóyún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nítorí náà ẹ ṣì yà á sọ́tọ̀ títí dókítà á fi ní ó tó.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ abẹ fún abo, pé kí dókítà ẹranko yọ ibi tí ẹyin ti ń wá, pẹ̀lú ilé-ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni láyé ẹ̀. Igbe òru dópin, oyún dópin. Bó bá ṣì ń tọ́mọ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ já ọmú ná, kí ẹ sì pa akọ mọ́ sọ́nà jíjìn. Bó bá ti lóyún, dókítà ló máa sọ bó ṣe yẹ.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí nìyí. Ọ̀pọ̀ wa á sọ pé, níwọ̀n bí ti akọ ti pọ̀ ju ti abo lọ lówó, akọ ni ká ṣe. Fún ẹni tó ní akọ kan àti abo kan nínú ilé tó tì, ó lè tó. Lọ́jà kọ́. Bí a bá tẹ akọ mẹ́sàn-án lọ́dàá nínú mẹ́wàá, ẹ̀kẹwàá ṣì lè fún ọ̀pọ̀ abo lóyún. Àmọ́ abo kọ̀ọ̀kan tí a bá ṣe, ìdí ọmọ kan ti dí pátápátá. Nítorí náà, bí owó bá kéré, abo ni ká kọ́kọ́ ná an lé. Ohun tó wọ́n lójú yìí gan-an ló pọ̀ jù.

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn nǹkan kan wà tí a ò gbọ́dọ̀ dán wò. Ẹ má fún ológbò ní kóró oògùn tí nọ́ọ̀sì fún yín láti fi ṣètò ọmọ bíbí. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè mú kí ilé-ọmọ ẹ̀ gba ọyún, ó sì lè fa kókó sí i lọ́mú. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún láti dá oyún dúró náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ń gún un léraléra. Ẹ má pe ẹni tó ń fi abẹ tẹ òbúkọ lọ́dàá lẹ́yìnkùlé. Ológbò gbọ́dọ̀ sùn lọ fọnfọn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ má fún un ní paracetamol pé ara ń ro ó. Kóró kan péré lè pa ológbò. Oògùn tí dókítà bá fún un nìkan ni kí ẹ lò.

Dókítà wo? Dókítà ẹranko tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria ni, kì í ṣe ẹni tó kàn ń ta oògùn adìyẹ. Ẹ bi í léèrè ìwé ẹ̀, kò ní bínú. Àwọn tó ń yẹ ẹran wò ní ọ̀dẹ́dẹ̀ ìpẹran Òkò-Ọba l'Ágége, irú iṣẹ́ yẹn ni wọ́n kọ́. Ilé ìwòsàn ẹranko tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní FUNAAB l'Ábẹ́òkúta, lójú ọ̀nà tiwa níbí. Kí ẹ tó lọ, ẹ pè, ẹ bèèrè iye owó, ẹ sì bèèrè pé bí a bá kó mẹ́wàá wá lẹ́ẹ̀kan náà, èló ni wọ́n máa yọ fún wa? Ọlọ́jà kì í ra ẹyọ kan ní iye tí wọ́n ń ta páálí.

Àsìkò kan tún wà tó yẹ ká dọdẹ ẹ̀. September 28 lọ́dọọdún ni Ọjọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé. Láyìíká ọjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ dókítà ẹranko máa ń gún ajá àti ológbò lábẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Dìgbòlugi kì í ṣe ti ajá nìkan, ológbò náà lè kó o. Bí ológbò bá bu èèyàn jẹ tàbí tó ha á, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Bí àìsàn yẹn bá ti fojú hàn lára èèyàn, kò sí àtúnṣe mọ́. Ológbò tó dín kù, tí a mọ̀, tó ti gbabẹ́rẹ́, kò lè dà bí ogún tí a ò mọ bàbá wọn.

A ti gbọ́ àwọn tó ń sọ pé ológbò tí a bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò ní pa èkúté mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdẹ ṣíṣe ò sí nínú ilé-ọmọ. Ológbò tó ti di ọ̀dá ṣì ń lé èkúté, torí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ni. Ẹ kàn má jẹ́ kó sanra jù. Ẹ má sì fi ebi pa á pé kó lè ṣọdẹ dáadáa. Ẹja ìyá aládùúgbò ni ẹni tí ebi ń pa máa kọ́kọ́ gbé. Àwọn kan sì ní Ọlọ́run ló ní kí wọ́n máa bí sí i. A ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò bá balẹ̀, kó bi ááfáà tàbí pásítọ̀ ẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé ẹni tó bímọ tó gbé e sọ sí gọ́tà ò lè sọ pé òun ń bọ̀wọ̀ fún ìṣẹ̀dá.

Èwo wá ni ti owó? Ìjà tó wà ní mítìn ni pé ta ló ni ológbò. Ẹni tó ní abo ní ìyà ń jẹ òun, ẹni tó ní akọ ní ti òun ò bímọ, ẹni tí kò ní kankan ní kò kan òun. Bẹ́ẹ̀, ológbò kan ṣoṣo lè máa lé èkúté kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá lálẹ́ kan. Gbogbo wa là ń jẹ iṣẹ́ ẹ̀, gbogbo wa ló yẹ ká san owó ẹ̀. Àjèjé ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí.

Èyí ni a fẹ́ gbé wá sí mítìn tó ń bọ̀. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan ka ológbò ẹ̀, kí wọ́n kọ iye abo sílẹ̀. Kí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan máa dá ọgọ́rùn-ún náírà lọ́sẹ̀. Ìlà tó bá ní ṣọ́ọ̀bù ogún á ti ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. A ò sọ pé iye tí dókítà máa gbà nìyẹn o. Bí ó bá dín, a máa ṣe ju ọ̀kan lọ. Bí ó bá lé, a máa dá sí i. Akápò ni kó gba owó, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó kà á sétí gbogbo wa. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa wá àgò adìyẹ tó le, kí wọ́n fi aṣọ bò ó láti gbé wọn lọ. Kí ẹnì kan ní ìlà kọ̀ọ̀kan gbà láti tọ́jú abo tó bá dé láti iṣẹ́ abẹ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, kó má fò, kó má lá ojú egbò. Kí ẹgbẹ́ sì kọ lẹ́tà sí káńsù Àgbàdo/Òkè-Odò, kí wọ́n bá wa rán dókítà ẹranko wá lọ́jọ́ kan.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú lágbàáyé, bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún ológbò ìta tán, nígbà tó ṣì wà lójú oorun, wọ́n máa ń gé ṣóńṣó etí ẹ̀ kan díẹ̀, kí wọ́n tó dá a padà síbi tí wọ́n ti mú un. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé èyí ti parí. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń sààmì sí etí àgùntàn náà nìyẹn. Ó máa dùn mọ́ wa láti rí irú etí bẹ́ẹ̀ káàkiri ọjà yìí.

Ẹ̀yin ìyá wa, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọbìnrin tó jókòó ti páálí yẹn bi wá léèrè pé ṣé a ò lè ṣe nǹkan kan. A ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ẹ wá sí mítìn, ẹ mú ọgọ́rùn-ún náírà yín dání, ká lè rí nǹkan sọ fún un. Ọjà á tà o.